Ọjọ́ Tí Mo Jẹ́rìí Ta Ko Ilé Búrẹ́dì Mi

Odindi ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jowú ọmọọṣẹ́ mi, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀ búrẹ́dì rẹ̀ lójú títì ní àárọ̀, n ó nawọ́ sí rédíò kí n lè gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ọkọ mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, á bi mí pé ṣé etí mi ti ń di ni. N ó ní ìròyìn ni mo ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀, ìpolówó oògùn ibà ni wọ́n ń ṣe lórí rédíò.

Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ló mú un wá láti Ọ̀rà, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama, tí ojú ń tì láti béèrè omi. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ìka tẹ fúláwà tí a ti pò láti mọ̀ bóyá ó ti wú tó. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó wọ́n fúláwà díẹ̀ sí ilẹ̀ ààrò amọ̀, kó sì wo bí yóò ṣe yára pọ́n tó, kó tó ki páànù bọ̀ ọ́. Ọdún mẹ́fà ló lò. Lọ́jọ́ tó gba òmìnira, mo gbọ́wọ́ lé e lórí, mo ní kí iṣẹ́ rẹ̀ ga ju tèmi lọ. Gbogbo ọ̀gá ló ń gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Ta ló mọ̀ pé Ọlọ́run máa dáhùn kíá tó bẹ́ẹ̀?

Ó ṣí ilé búrẹ́dì tirẹ̀ sójú ọ̀nà Òkè-Ìlá. Ààrò onígáàsì ló rà, èyí tí kì í rú èéfín, tí kò sì nílò kí èèyàn máa fi ẹnu fẹ́ná. Kò pé ọdún mẹ́ta tí ṣọ́ọ̀ṣì wa fi lọ bá a pé kó wá máa ṣe búrẹ́dì ìkórè, iṣẹ́ tó ti wà lọ́wọ́ mi látìgbà tí mo ti bí àkọ́bí mi. Wọ́n ní kì í ṣe pé tèmi kò dára. Mo ní mo mọ̀. Mo kọrin ìkórè lọ́dún náà títí ohùn mi fi há, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo bínú.

Mo máa ń ra búrẹ́dì rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ọlọ́kadà kan tó ń ná ọ̀nà Ire ni mo máa ń rán, tí n ó ní kó má gbà á ní Ìlá níbí kí wọ́n má baà bi í pé ta ló rán an. N ó gé e, n ó gbóòórùn rẹ̀, n ó fi ìka tẹ àárín rẹ̀, kí n lè wò ó bóyá á dìde padà. Ó máa ń dìde. Mo sọ fún ọkọ mi nígbà kan pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, ó sì jẹ ẹ́ tán. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: òwe yìí ni mo fi ń tu ara mi nínú, àfi lọ́jọ́ tí mo ronú sí i dáadáa tí mo rí i pé àkísà ni mo fi ń yangàn.

Ohun kan wà tí gbogbo àwa oníbúrẹ́dì apá ibí ń ṣe nígbà náà, tí kò sí ẹni tó rò pé àṣìṣe ni. Bí a bá po fúláwà tán, tí a gé e, orí òṣùwọ̀n la máa ń gbé ègé kọ̀ọ̀kan lé kó tó wọ páànù. Ìwọ̀n tí a bá rí níbẹ̀ la máa ń ní kí atẹ̀wé tẹ̀ sára ọ̀rá. Bẹ́ẹ̀, iná máa ń mú nínú búrẹ́dì. Omi inú rẹ̀ á gbẹ, ohun tó jáde látinú ààrò á sì fúyẹ́ ju ohun tó wọlé lọ. Bó bá tún jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́ta, á tún fúyẹ́ sí i. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí mo sì ṣe kọ́ àwọn tó wá sábẹ́ mi nìyẹn. A kò fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tí ọwọ́ wa ṣe la ń wọ̀n, a kò ronú kan ohun tí iná máa ṣẹ́ kù fún wa.

Àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ló ronú kàn án. Wọ́n ra búrẹ́dì mi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ire, búrẹ́dì tó ti wà lórí pẹpẹ fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì rí i pé kò tó ohun tí mo kọ sára ọ̀rá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn mẹ́ta wá sí ilé búrẹ́dì mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ṣáájú wọn, ó gbé òṣùwọ̀n dání, ó dọ̀bálẹ̀ kí ọkọ mi tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó kí èmi náà, ó bi mí bóyá iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ní kí gbogbo wa jáde, ó fi ṣéènì di ilẹ̀kùn, ó kọ́ àgádágodo sí i, ó sì lẹ ìwé pupa mọ́ ọn pé wọ́n ti tì í pa.

Fúláwà tí mo pò láàárọ̀ ọjọ́ náà wà nínú ọpọ́n. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n yan èyí tó wà nílẹ̀, wọ́n ní òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó wú, ó kún ọpọ́n, ó ṣàn sílẹ̀, ó sì kan. Ní ọjọ́ kẹta, láti ojú fèrèsé la ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́rin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ lọ ń bá àwọn àgbẹ̀ kó kòkó nínú oko, nítorí wọn kò lè jókòó kí wọ́n máa wo ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n ti ibẹ̀ pa ni ọmọọṣẹ́ mi wá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ kú àfaradà." Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ó wá wo bí ilé ọ̀gá ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá tì í. N kò ní kó dìde bọ̀rọ̀. Ó béèrè bóyá wọ́n kọ lẹ́tà kankan sí wa ṣáájú. Ọkọ mi ní rárá, pé òun ni òun máa ń gba lẹ́tà nílé yìí, kò sí ọ̀kan. Obìnrin náà mi orí. Ó ní òun náà ti ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí láti bí ọdún méjì, pé òun ti ń gé tòun kó wúwo díẹ̀ sí i kó tó wọ ààrò, kí ohun tó bá jáde lè pé.

"Ó wù mí kí n wá sọ fún yín, Mọ́mì," ló wí.

N kò bi í pé kí ló dí i lọ́wọ́. Mo mọ̀. Ká ní ó wá sọ ọ́ ni, ọ̀nà àbájáde ni ǹ bá fi hàn án. Kàkà kí ọ̀rọ̀ náà dùn mí bó ṣe yẹ kó dùn mí, ohun tó ń jó mi lọ́kàn ni pé ó ti mọ ohun tí èmi kò mọ̀ nínú iṣẹ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ọ.

Òun ló lọ wádìí. Ó rí i pé nígbà tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ fún àjọ náà lágbára láti ti ilé iṣẹ́ pa láìlọ sí kóòtù, àjọ náà ti ṣèlérí níwájú wọn pé àwọn máa kọ́kọ́ kọ ìwé ìkìlọ̀ sí èèyàn, àwọn á sì fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì láti tún nǹkan ṣe. Ó kọ̀wé sí ilé aṣòfin lórúkọ ẹgbẹ́ oníbúrẹ́dì, nítorí òun ni akọ̀wé wa. Kò pẹ́ tí èsì fi dé. Ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin tó ń bójú tó iṣẹ́ àjọ náà ń lọ káàkiri láti gbọ́ bóyá wọ́n ń lo agbára yẹn bí wọ́n ṣe ṣèlérí, wọ́n sì máa wá sí Ìlá. Bí wọ́n bá rí i pé wọ́n ń ti ilé pa láìkìlọ̀, wọ́n á gba agbára náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á gbé e fún kóòtù, wọ́n á sì ní kí wọ́n ṣí èyí tí wọ́n ti tì. Tèmi nìkan ni wọ́n ti tì ní gbogbo agbègbè wa nígbà náà. Ṣùgbọ́n kò sí oníbúrẹ́dì kan láti Ìlá dé Ọ̀rà tí kì í wọn fúláwà tútù bí èmi, yàtọ̀ sí òun. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ohun tí mo bá sọ lọ́jọ́ náà ló máa pinnu bóyá ṣéènì máa dé ẹnu ọ̀nà tiwọn.

Ẹgbẹ́ ṣèpàdé láti yan ẹni tó máa gbẹnu sọ. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi yàn án. Wọ́n ní ó mọ̀wé, ó gbọ́ òyìnbó, òun ló sì ṣe wàhálà ìwé kíkọ. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń ka òótọ́ kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí wọ́n ń fún mi lábẹ́rẹ́. Èmi ni wọ́n ti ilé mi, òun ni wọ́n ní kó sọ̀rọ̀. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n fi èmi ṣe.

Ó tún wá sílé wa lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ìjókòó náà. Ó ṣàlàyé gbogbo ohun tó fẹ́ sọ fún wa, ó ń wo ojú mi kó lè mọ̀ bóyá mo fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ẹ̀yin máa sọ, Mọ́mì. Bí wọ́n bá bi yín bóyá wọ́n kìlọ̀ fún yín, ẹ sọ pé wọn ò kìlọ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ ọ́ tí wọ́n á gbà." Mo ní kò burú. Tọkàntọkàn ni mo sì fi wí i. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ti pète ohun tí mo ṣe láti ilé.

Gbọ̀ngàn ìlú kún lọ́jọ́ náà. Mo wọ léèsì tí mo fi ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún, mo wé gèlè tó le. Òun wọ kaba lásán, ó so aṣọ mọ́rí. Wọ́n fi í sí ìjókòó iwájú, wọ́n fi èmi sí ìlà kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi. Àwọn aṣòfin mẹ́rin jókòó sórí pèpéle, ọ̀gá àjọ náà àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin olóṣùwọ̀n yẹn wà láàárín wọn. Ọ̀gá náà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn kì í ti ilé ẹnikẹ́ni láìkìlọ̀, pé bí agbára yẹn bá kúrò lọ́wọ́ àwọn, ẹni tó ń ta ayédèrú oògùn á ti tà á tán kí kóòtù tó jókòó. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ló sọ.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pe ọmọọṣẹ́ mi. Mo ti gbọ́ ohùn yẹn nígbà tó ń tọrọ omi lọ́wọ́ mi, n kò mọ̀ pé ó lè kún gbọ̀ngàn. Ó fi Yorùbá sọ̀rọ̀, ó fi òyìnbó tú èyí tó yẹ kó tú fún àwọn akọ̀wé. Ó ṣàlàyé fúláwà tútù àti búrẹ́dì gbígbẹ, débi pé àwọn tí kò fọwọ́ kan fúláwà rí ń mi orí. Ó ní kò yẹ kí ìjọba sọ agbára nù, ó ní kó fi ìkìlọ̀ ṣíwájú rẹ̀ ni, nítorí ẹni tó ṣèèṣì yàtọ̀ sí olè. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó wá yí padà, ó nawọ́ sí ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ nìyẹn. Gbogbo ohun tí mo mọ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ilé tiwọn gan-an ni wọ́n tì."

Ó yìn mí. Mo mọ̀ lónìí pé ó yìn mí. Ṣùgbọ́n gbogbo gbọ̀ngàn yíjú wò mí lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì rí ara mi bí wọ́n ṣe rí mi: ìyá arúgbó kan tó wé gèlè, tí ilé rẹ̀ wà ní títì, tí ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ ń bá a bẹ ìjọba. Alága àwọn aṣòfin rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá Oníbúrẹ́dì Ìlá."

Èmi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi pè mí bẹ́ẹ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé títí dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tí wọ́n ń ra búrẹ́dì kí wọ́n tó lọ oko ọbì. Alága kò mọ̀, àlejò ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú gbọ̀ngàn yẹn tó tún un ṣe. Ọmọọṣẹ́ mi náà kò tún un ṣe, bóyá nítorí pé kò gbọ́ ọ dáadáa nínú ariwo àtẹ́wọ́. Ohun tí mo ti fi rédíò bò mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án dé ọ̀nà ọ̀fun mi.

Wọ́n pè mí. Mo dìde, wọ́n gbé gbohùngbohùn fún mi. Alága bẹ̀ mí pé kí n jókòó sọ ọ́, mo ní n ó dúró. Ó rọra béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní, "Màmá, kí wọ́n tó ti ilé búrẹ́dì yín, ǹjẹ́ wọ́n kìlọ̀ fún yín?"

Mo wo iwájú. Ọmọọṣẹ́ mi ti yíjú sí mi, ó ń dúró de gbólóhùn kan yẹn, ó dá a lójú.

"Wọ́n kìlọ̀ fún mi," ni mo wí. "Lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni n kò gbọ́."

Mo gbọ́ tí ọkọ mi fa èémí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin olóṣùwọ̀n yẹn wo ilẹ̀, nítorí òun náà mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ ti ń mi orí. Akọ̀wé àwọn aṣòfin ń kọ ọ́ sílẹ̀. Alága kọjú sí ọmọọṣẹ́ mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó ní kí wá ni ti ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún àwọn. Obìnrin náà wò mí pẹ́. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ìbá sàn kó wà níbẹ̀. Ó gba gbohùngbohùn.

"Ọ̀gá mi ni wọ́n," ló wí. "Bí wọ́n bá ní wọ́n kìlọ̀ fún àwọn, a jẹ́ pé èmi ni mo ṣì sọ."

Ó sì jókòó. Báyìí ló ṣe gba irọ́ mi lọ́wọ́ mi, tó fi ṣe àṣìṣe tirẹ̀, níwájú ẹgbẹ́ tó yàn án.

Nígbà tí a délé, ọkọ mi kò bọ́ bàtà. Ó dúró sí àárín pálọ̀, ó fi ohùn ilé wa bá mi wí, ohùn Ìgbómìnà tí kì í lò tí kò bá ṣe pé ọ̀rọ̀ ti dun ún. Ó ní, "An ò kìlọ̀ fún ẹ. Èmi ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà níjọ́ tí an wá. Kí lọmọ yẹn fi ṣe ẹ́?" Mo ní n kò mọ̀. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi wọ́ orí yìí. Ó wọ yàrá lọ. Fún ọjọ́ mélòó kan, "ẹ káàárọ̀" tí mo bá kí i nìkan ló ń dá lóhùn.

Àwọn àjọ náà padà wá láàárín oṣù kan. Ilé tèmi wà ní títì síbẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi wúwo ju ti ẹlòmíràn lọ nítorí pé mo ti fẹnu ara mi sọ pé mo kọ etí dídi sí ìkìlọ̀. Wọ́n ti méjì pa ní Òkè-Ìlá, wọ́n ti ọ̀kan pa ní Ọ̀rà, wọ́n sì ti ilé ọkùnrin kan pa ní Ìlá níbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ààrò rẹ̀ mọ. Wọn kò kìlọ̀ fún ìkankan nínú wọn. Wọ́n wọn búrẹ́dì ọmọọṣẹ́ mi, ó pé, ó tilẹ̀ fi díẹ̀ lé. Mo jowú ìyẹn náà, ẹ jọ̀ọ́, kí n sọ òótọ́. Ẹgbẹ́ ti gba ipò akọ̀wé lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó lọ parọ́ níwájú ìjọba, ó sì kó ìtìjú bá àwọn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo parọ́. Búrẹ́dì tirẹ̀ nìkan kò tó ìlú jẹ, ọ̀pọ̀ èyí tí a ń jẹ wá di èyí tí wọ́n ń kó wá láti Òṣogbo, tó ti ń gbẹ kó tó dé.

Ohun tó wá jí mi kì í ṣe ìwàásù. Ọ̀dọ́mọkùnrin olóṣùwọ̀n yẹn ló wá kí mi lọ́jọ́ kan. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ọ̀gá àwọn ní kí òun wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, pé ẹ̀rí tí mo jẹ́ ran àwọn lọ́wọ́ púpọ̀. Ó mú kàlẹ́ńdà àjọ wọn wá fún mi, èyí tí àwòrán òṣùwọ̀n wà lára rẹ̀. Kò lè wo ojú mi, n kò sì lè wo tirẹ̀. Àwa méjèèjì jókòó síbẹ̀ bí àwọn tó jọ jí ewúrẹ́. Nígbà tó lọ tán, mo ká kàlẹ́ńdà náà, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì wá bébà.

Mo kọ ọ́ ní Yorùbá, mo kọ ọ́ fúnra mi. Mo kọ ọ́ pé wọn kò kìlọ̀ fún mi, pé irọ́ ni mo pa, pé ẹni tó gbẹnu sọ fún wa kò ṣì sọ rárá. Mo fẹ́ kọ ìdí tí mo fi parọ́, mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Mo kọ ọ́ pé: "Ìlara ni." Lẹ́yìn náà ni mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé búrẹ́dì ọmọọṣẹ́ mi, ibi tí n kò dé rí láti ọjọ́ tó ti ṣí i, mo sì fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.

Ó kà á ní ìdúró. Ọwọ́ rẹ̀ funfun fún fúláwà, ó sì ń fi ìgbọ̀nwọ́ nu ojú. Nígbà tó kà á tán, ó dá a padà fún mi. Ó ní ìgbìmọ̀ náà kò tíì mú àbọ̀ wọn wá sí ilé aṣòfin, ó kéré tán òun kò tíì gbọ́, pé bí a bá tètè débẹ̀, wọ́n lè gbà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló fi ọkọ̀ búrẹ́dì rẹ̀ gbé mi lọ sí Òṣogbo. Mo jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òórùn búrẹ́dì gbígbóná wà lẹ́yìn wa. Mo gbàdúrà nínú mi ní gbogbo ọ̀nà pé kí a má pẹ́ jù.

Òun dúró ti ọkọ̀, èmi nìkan ni wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tọ́jú ìwé ìgbìmọ̀ náà gbà mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó fún mi ní ìjókòó, ó ka lẹ́tà mi. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ṣí fìlà lórí, ó ní, "Màmá, wọ́n ti ka àbọ̀ yẹn nínú ilé lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ti gbà á wọlé. Agbára àjọ náà dúró bó ṣe wà." Ó ní òun á lu òǹtẹ̀ sí lẹ́tà mi, òun á sì fi í sínú fáìlì, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ fi ìrètí asán ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú mi.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ka ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà fún mi. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń kà á. Ìpínrọ̀ kan gbáko ni wọ́n fún mi. Wọ́n ní nínú gbogbo àwọn tí àwọn gbọ́rọ̀ lẹ́nu wọn, ẹ̀rí ìyá àgbà oníbúrẹ́dì kan ní Ìlá ló tẹ̀wọ̀n jù, nítorí pé òun gan-an ni wọ́n ti ilé rẹ̀, tí kò sì fi òótọ́ pamọ́. Wọ́n ní lórí ẹ̀rí yìí ni àwọn ṣe gbà pé àjọ náà kò ṣi agbára lò. Nípa ti ọmọọṣẹ́ mi, ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: pé agbẹnusọ wọn gbà pé òun ṣì sọ.

Kí n má purọ́ mọ́. Nígbà tó ka ìyẹn, kí n tó rántí ilé mẹ́rin tó wà ní títì láti Òkè-Ìlá dé Ọ̀rà, kí n tó rántí ẹni tó ń dúró dè mí lójú oòrùn níta, inú mi dùn. Kò ju bí ìgbà tí èèyàn bá mí lẹ́ẹ̀kan lọ. Àwọn tó mọ̀wé, tí wọn kò bá ẹnikẹ́ni tan nílùú wa, ti gbé ọ̀rọ̀ mi àti tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé tèmi ló wúwo jù.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni náà, mo jáde. Ọmọọṣẹ́ mi sáré wá pàdé mi láti di apá mi mú ní àtẹ̀gùn, ó ní, "Mọ́mì, kí ni wọ́n wí?"